Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe máa dá àwọn igi wílò aràrá yìí mọ̀ yàtọ̀?

Àdùkẹ́:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Tromsø ní Nọ́wè ni mo ti ń kàwé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi àtàwọn tá a jọ wà ní kíláàsì lọ sí etíkun Varanger, lókè lọ́hùn-ún ní àríwá, a sì já ewéko wálé láti fi ṣiṣẹ́. Mẹ́ta nínú tèmi jẹ́ igi wílò. Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n gbé dùùrù kọ́ nínú Sáàmù 137 o. Èyí ò ga tó ìka ọwọ́ mi. Ó pẹ́ kí n tó gbà pé igi ni.

Ìṣòro mi nìyí. Ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló rí róbótó, wọn ò sì ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Mo kọ Salix herbacea sára gbogbo wọn (Salix ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pe wílò). Olùkọ́ dá ìwé mi padà, ó ní ẹyọ kan péré ló tọ̀nà, pé Salix polaris àti Salix reticulata wà nínú wọn. Èwo ni èwo? Ọjọ́ Ẹtì ni mo máa fi sílẹ̀. Iṣẹ́ yìí jẹ mí lógún gan-an, mi ò fẹ́ méfò.

Ọmọ Ẹ̀gbá:
Àbúrò, ṣé kì í ṣe pé ọmọ igi ńlá ni wọ́n, tí wọn ò tíì dàgbà?

Ẹ̀gbọ́n Làídé:
Rárá o, Ọmọ Ẹ̀gbá, wọ́n ti dàgbà, kódà wọ́n ń so èso. Igi herbacea ń rá lọ lábẹ́ ilẹ̀, orí ẹ̀ka nìkan ló ń yọ síta, pẹ̀lú ewé méjì tàbí mẹ́ta. Ohun tó bá nàró níbẹ̀, atẹ́gùn á lù ú pa. Èyí tó bá sùn sílẹ̀, yìnyín á bò ó títí òtútù á fi lọ. Linnaeus, ará Sweden tó sọ ọ̀pọ̀ ewéko lórúkọ, pe herbacea ní èyí tó kéré jù nínú gbogbo igi.

Àdùkẹ́, má fi bí wọ́n ṣe tóbi tó ṣe ìdájọ́. Atẹ́gùn etíkun lè sọ gbogbo wọn di kékeré. Kọ́kọ́ dojú ewé dé, kó o wo ẹ̀yìn rẹ̀. Tí ẹ̀yìn bá funfun, tí iṣan rẹ̀ hun ara wọn bí àwọ̀n apẹja, tí iwájú sì hunjọ níbi tí iṣan ti wọlé sínú, reticulata nìyẹn. Igi ewé rẹ̀, ìyẹn ọ̀pá tó so ewé mọ́ ẹ̀ka, máa ń gùn, ó sì sábà máa ń pọ́n. Ìyẹn ò lè dà ọ́ láàmú mọ́.

Wàhálà wà láàárín àwọn méjì tó kù. Fi èékánná rin etí ewé náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ yí po. Herbacea ní eyín wẹ́wẹ́ bíi ti ayùn, èékánná rẹ á máa kọ́ ọ. Polaris ń yọ̀ lọ ni. Ewé mẹ́wàá ni kó o yẹ̀ wò, kì í ṣe ẹyọ kan, torí polaris lè yọ eyín kan tàbí méjì nígbà míì. Lẹ́yìn náà, wá àpò èso. Ti herbacea ń dán, kò nírun. Ti polaris nírun. Akọ àti abo ò sí lórí igi kan náà, nítorí náà tí o ò bá rí àpò èso, ó lè jẹ́ akọ lo já.

Níbí ní Scotland, herbacea pọ̀ lórí òkè, reticulata ṣọ̀wọ́n, polaris ò sí. Svalbard, àwọn erékùṣù Nọ́wè tó wà lókè réré ní àríwá, ni mo ti fojú kan polaris, ó kún ilẹ̀ níbẹ̀ bíi kóríko.

Bàbá Ìbejì:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ilẹ̀ tún ń sọ̀rọ̀ o. Reticulata fẹ́ràn ilẹ̀ olókùúta ẹfun, irú òkúta tí wọ́n ń wà ní Ewékorò láti fi ṣe sìmẹ́ǹtì. Àdùkẹ́, ṣé o kọ ibi tó o ti já ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀?

Kó o sì tún rí i dájú pé wílò ni gbogbo wọn. Betula nana, igi aràrá míì tí kì í ṣe wílò, wà ní àgbègbè yẹn, ewé tirẹ̀ náà róbótó, ó sì ní eyín. Wo ìrudi rẹ̀: ìpẹ́ kan ṣoṣo ló dé orí ìrudi wílò bíi fìlà, ti Betula ju ẹyọ kan lọ.

Àdùkẹ́:
Mo ti jókòó tì wọ́n láti àárọ̀ pẹ̀lú dígí tó ń mú nǹkan tóbi. Fìlà kan ṣoṣo ló wà lórí ìrudi gbogbo wọn! Èkíní ní àwọ̀n lẹ́yìn, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilẹ̀ olókùúta ẹfun ni mo ti já a. Ìkejì ní eyín yí po, àpò èso rẹ̀ pọ́n, ó ń dán. Ìkẹta ò léyín rárá, irun funfun bo àpò rẹ̀. Àmọ́ ẹ̀ka kan tí mo kó pọ̀ mọ́ ìkẹta ní eyín nídìí ewé nìkan, irun àpò rẹ̀ sì wà lápá kan, kò sí lápá kejì. Kí ni mo máa pe ìyẹn?

Ẹ̀gbọ́n Làídé:
Àwọn méjèèjì máa ń gba ara wọn lóyún. Yà á sọ́tọ̀ sórí bébà tirẹ̀, kọ herbacea × polaris sí i pẹ̀lú àmì ìbéèrè, kó o sì fi ewé tó o rí eyín lára rẹ̀ han olùkọ́ rẹ.