Ẹ gbà mí o: mo yí ètò owó ẹgbẹ́ padà, wọ́n fẹ́ lé mi

Akọ̀wé Ọjà: Ẹ kú ilé o. Inú mi bàjẹ́ gan-an. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àjẹsẹ́kù wa. Mo ní láti oṣù yìí, kò sí sísan owó lọ́wọ́ mọ́, kí oníkálukú fi fóònù san án sí àkáǹtì ẹgbẹ́, kí wọ́n sì dá ìwé tí a fi ń kọ owó wọn padà. Ìyẹn ló dọ̀ràn. Ìyá aláṣọ tí mo ṣe onídùúró fún kì í jẹ́ mi lóhùn mọ́. Nípàdé, wọ́n já máìkì gbà lọ́wọ́ mi, lórí àga tí mo fowó ara mi yá! Ṣé kí n fipò sílẹ̀ ni?

Ìyá Ìbejì: Ṣé ẹ sọ fún wọn ṣáájú?

Bàbá Tíṣà: Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ṣé ẹ ti gbàgbé ọdún 2023? Nígbà tí ìjọba ń pààrọ̀ owó náírà, wọ́n ní 31 Oṣù Kìíní ni owó àtijọ́ máa kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n sún un sí 10 Oṣù Kejì, tuntun ò sì sí ní báńkì. Tòmátì ìyàwó mi jẹrà sórí àtẹ.

Àlàbí Awakọ̀: Mi ò gbà, bàbá. Ní 2 Oṣù Kẹrin 1972 tí Nàìjíríà kúrò lápá òsì títì bọ́ sápá ọ̀tún, ṣé díẹ̀díẹ̀ ni? Bí ọkọ̀ kan bá ń lọ lọ́tùn-ún, tí òmíràn ń bọ̀ lósì, òkú ló máa sùn síbẹ̀.

Bàbá Tíṣà: Wọ́n ti kéde ọjọ́ náà ṣáájú, Àlàbí!

Ìyá Ìbejì: Akọ̀wé, ẹ ò tíì dá mi lóhùn.

Akọ̀wé Ọjà: Mi ò lè sọ ṣáájú. Mo fi ìwé wọn wé ti báńkì, kò bára mu. Akápò gbowó, ó buwọ́ lù ú, owó ò dé báńkì. Àbúrò alága sì ni.

Ìyá Ìbejì: Háà! Ẹ wá ń gba ìwé lọ́wọ́ wọn? Ẹ̀rí wọn nìyẹn!

Bàbá Tíṣà: Ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ẹ má jẹ́ kí kọ́bọ̀ dé ọwọ́ akápò mọ́ láti òní. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ fífi fóònù sanwó ṣì lè dúró ná. Kí àwọn àgbà lọ san tiwọn ní báńkì, kí ẹ lẹ tẹ́là mọ́ ìwé wọn.

Àlàbí Awakọ̀: Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó àjẹsẹ́kù.

Akọ̀wé Ọjà: Ìwé àwọn kan ti wà lọ́wọ́ mi. Alága ní kí n kó wọn wá lálẹ́ yìí.

Ìyá Ìbejì: Ẹ má kó o lọ o! Ẹ ya fọ́tò ojú ewé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ dá ìwé oníwèé padà lọ́jà lọ́la.