Magenta (ìǹkì aláwọ̀ pupa) ń já lẹ́nu ẹ̀rọ large format (ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá) mi, ẹ gbà mí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin oníṣẹ́ ìtẹ̀wé. Ẹ̀rọ tó ń lo ìǹkì eco-solvent, tó fẹ̀ tó mítà 1.6, ni mo fi ń tẹ báńà àti sítíkà ní Ṣómólú. Tí mo bá ṣe nozzle check (títẹ ìlà wò bóyá gbogbo ihò ìǹkì ń ṣiṣẹ́) láàárọ̀, gbogbo ìlà máa ń pé pérépéré. Àmọ́ tí mo bá ti tẹ flex (rọ́bà báńà) tí àwọ̀ rẹ̀ kún bíi mítà méjì, magenta á bẹ̀rẹ̀ sí í já, kò ní jáde délẹ̀ mọ́, ojú ìyàwó inú báńà tó yẹ kó máa dán á wá dà bí ewé. Tí mo bá dá a dúró díẹ̀, á tún padà bọ̀ sípò.

Mo ti ṣe head cleaning (fífọ head, ìyẹn orí tó ń tu ìǹkì) títí ó fi sú mi. Mo ti pààrọ̀ damper (àpò kékeré tí ìǹkì ń gbà kọjá kó tó dé head) àti cap top (ìdérí tó ń bo head tí kò bá ṣiṣẹ́). Kì í ṣe ọ̀rọ̀ iná, bó ṣe ń ṣe lórí jẹnẹrétọ̀ náà ló ń ṣe lórí iná ìjọba. Ìǹkì yìí kan náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní ṣọ́ọ̀bù kejì.

Ẹni tó wá tún un ṣe ní head ti kú, kí n lọ ra tuntun. Èmi ò gbà. Head tó ti kú, ṣé ìsinmi ló máa jí i? Ohun tí mo rí ni afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ nínú ọ̀pá tó ń gbé ìǹkì magenta, nítòsí damper.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀, láìtú gbogbo rẹ̀, bóyá ọ̀pá ló lu àbí O-ring (òrùka rọ́bà) ẹnu damper ló ń fa afẹ́fẹ́? Tó bá sì jẹ́ ọ̀pá, ṣé kí n pààrọ̀ ti magenta nìkan, àbí ti àwọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin?