Ṣé ó yẹ kí n máa bẹ̀rù timing chain Mercedes SLK mi tó ń dún láàárọ̀?

Ọmọ Ajílété: Ẹ̀yin ará mi, ẹ gbà mí. Mẹkáníìkì kan ní Tákìé sọ mí di aláìmọ̀kan lójú àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ̀. Mo ní ọkọ̀ ń dún láàárọ̀, ó ní bí ọkọ̀ eré ṣe ń dún nìyẹn, tí mi ò bá fẹ́ ariwo kí n lọ ra Corolla. Ó tún wá jókòó sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn! Ṣé ọ̀rọ̀ timing chain, ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì yìí, tó dààmú sí, àbí kí n máa wà á lọ?

Rewaya Akẹ̀sán: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. SLK wo? Ọdún wo? Bọ́nẹ́ẹ̀tì nìkan lẹ sọ fún wa.

Ọmọ Ajílété: SLK 200 Kompressor, 2006. Pupa. Tí mo bá kọ́kọ́ sítáàtì, á dún bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, á dákẹ́.

Bọ̀dá Ọ̀wọ̀dé: Ẹ tètè pààrọ̀ timing belt kó tó já.

Rewaya Akẹ̀sán: Bọ̀dá, ẹ́ńjìnnì M271 ló wà nínú ẹ̀. Ṣéènì ló ní, kò ní timing belt. Bẹ́líìtì iwájú yẹn, alternator, pọ́ńpù omi àti Kompressor (èyí tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì) ló ń yí.

Alàgbà Onísípéà: Ó tó dààmú sí. Óìlì ló ń ti tensioner jáde kó lè fún ṣéènì le. Tí ọkọ̀ bá sùn mọ́jú, óìlì á ti sàn padà sísàlẹ̀. Tí ṣéènì bá ti nà, á máa gbọ̀n títí óìlì á fi dé. Lọ́jọ́ tó bá fo eyín jíà, písítìn á gbá fááfù. Ẹ fi kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò: kóòdù P0016 túmọ̀ sí pé kámù (ọ̀pá tó ń ṣí fááfù) àti kíránkì (ọ̀pá tí písítìn ń yí) ò bá ara wọn mu mọ́.

Rewaya Akẹ̀sán: Gbogbo P0016 kọ́ ni ṣéènì, Alàgbà. Magnet kámù méjèèjì a máa jo óìlì, óìlì ọ̀hún á sì gba inú wáyà rìn. Ẹ yọ ẹnu wáyà wọn, ẹ fi tíṣù nu inú ẹ̀ wò.

Bọ̀dá Ọ̀wọ̀dé: Ó sì lè jẹ́ pọ́ọ̀lì tí bẹ́líìtì iwájú ń gbà yí ló ń dún. Ẹ yọ bẹ́líìtì iwájú, kẹ́ ẹ sítáàtì fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré, torí pọ́ńpù omi ò ní yí. Tí ariwo bá lọ, ṣéènì kọ́.

Ọmọ Ajílété: Ẹ má bú mi lórí óìlì o. 20W-50 ni mò ń lò, ó ki dáadáa.

Alàgbà Onísípéà: Ta ló bi yín? Èyí tó ki tó yẹn á pẹ́ kó tó dé tensioner. 5W-30 tàbí 5W-40 ni kẹ́ ẹ rà, kí wọ́n kọ MB 229.5, àmì ìfọwọ́sí Mercedes, sára ike ẹ̀. Lítà 5.5, pẹ̀lú fílítà tuntun.

Bọ̀dá Ọ̀wọ̀dé: Pẹ̀lú oòrùn tiwa yìí?

Alàgbà Onísípéà: Pẹ̀lú ẹ̀ náà.

Ọmọ Ajílété: Ṣéènì ò tiẹ̀ lè jẹ́ o. Tuntun ni, èṣí ni wọ́n pààrọ̀ ẹ̀.

Rewaya Akẹ̀sán: Ẹ̀ẹ́n? Ẹ ò sì sọ látàárọ̀! Ṣé wọ́n pààrọ̀ jíà kámù méjèèjì àti tensioner mọ́ ọn?

Ọmọ Ajílété: Wọ́n ní jíà ṣì lágbára. Tensioner, wọ́n fọ̀ ọ́. Owó ò tó nígbà yẹn, ẹ jọ̀ọ́.

Alàgbà Onísípéà: Ibẹ̀ gan-an nìyẹn. Ṣéènì tuntun ò lè jókòó sínú eyín tó ti jẹ, ńṣe ni wọ́n á máa jẹ ara wọn. Ẹ má sítáàtì ẹ̀ mọ́. Kí wọ́n yọ kọ́ìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí wọ́n ṣí ìdérí fááfù, kí wọ́n yọ púlọ́ọ̀gì kí ẹ́ńjìnnì lè fúyẹ́. Kí wọ́n wá fi sípánà yí pọ́ọ̀lì kíránkì bí aago ṣe ń yí, kí wọ́n má dá a padà sẹ́yìn rárá, kí wọ́n máa wo eyín lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá to tuntun tán, kí wọ́n fọwọ́ yí i lẹ́ẹ̀mejì gbáko, kí àwọn àmì bá ara wọn mu, kẹ́nikẹ́ni tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́.

Bọ̀dá Ọ̀wọ̀dé: Ẹ má sì lọ ra jíà tòkunbọ̀ ní ọjà sípéà Gate n'Ìbàdàn o. Eyín tiẹ̀ náà ti lè jẹ.

Ọmọ Ajílété: A ti ṣí i. Eyín jíà kan ti rí ṣóńṣó bí eyín ayùn, ó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tí mo bá fi èékánná fà á, ó ń kọ́ mi lọ́wọ́. Ìkejì ṣì dán. Ṣé kí n ra ẹyọ kan péré?

Rewaya Akẹ̀sán: Méjèèjì. Àti tensioner.