Ewé àárín àgbàdo mi ń kú: oògùn wo ni kí n fín?

Àgbẹ̀Tuntun:
Ẹ kú iṣẹ́ oko o. Àgbàdo mi ti tó orúnkún. Mo kọ́kọ́ rí ihò wẹ́wẹ́ tó tò kọjá lójú ewé. Ní báyìí, ewé àárín àwọn kan ti rọ, tí mo bá sì fà á, wọ́ọ́rọ́wọ́ ló ń yọ. Mo la igi kan, mo bá ìdin kan tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ nínú rẹ̀. Ṣé kòkòrò tó wọ Áfíríkà ní 2016 yẹn, tí wọ́n ń pè ní fall armyworm, ni? Oògùn wo ló lè ká a?

Ìyá Olóko:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kì í ṣe ìyẹn. Tọdún 2016 ní àmì dúdú mẹ́rin onígun mẹ́rin nítòsí ìdí rẹ̀. Tiyín yìí ni èyí tó ń gbẹ́ inú igi, Busseola tàbí Sesamia.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi oògùn ṣòfò lórí èyí tó ti rọ. Ìdin ti wọnú igi, ohun tí ẹ bá fín sójú ewé kò lè bá a níbẹ̀ mọ́. Òru ni àfòpiná rẹ̀ máa ń yé ẹyin sí abẹ́ ewé, níbi tó ti wé mọ́ igi. Tí ẹyin bá pa, àwọn ọmọ á gòkè lọ jẹ ewé tó ṣì ká jọ láàárín. Ìgbà tí ewé yẹn bá là ni ihò wẹ́wẹ́ á fara hàn. Ìwọ̀nba ọjọ́ tí wọ́n fi wà lókè yẹn nìkan ni ọwọ́ wa fi lè tó wọn. Èmi máa ń gún hóró dóńgóyárò gbígbẹ, mo máa ń pò ó mọ́ yẹ̀pẹ̀ kíkúnná ní ìdajì-ìdajì, mo sì máa ń fi ìka bù ú sínú ewé àárín igi kọ̀ọ̀kan. Ó gba sùúrù, ṣùgbọ́n ibi tí ìdin wà gan-an ló ń bọ́ sí.

Àwọn tó ti kú, ẹ fà wọ́n tu, ẹ là wọ́n, ẹ pa ìdin inú wọn. Tí ẹ bá kàn jù wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ oko, ìdin á rìn wọ igi mìíràn.

Olóko Ẹ̀bá-Odò:
Òótọ́ ni Ìyá sọ. Ẹ tún fojú sí pòròpórò lẹ́yìn ìkórè, torí inú rẹ̀ ni ìdin ń sùn sí títí òjò á fi padà.

Àgbẹ̀Tuntun:
Ẹ ṣeun, mà. Ṣé kí n dáná sun ún ni?

Ìyá Olóko:
Rárá o, iná á jó ohun tó yẹ kó mú ilẹ̀ lọ́ràá. Ẹ gé e, ẹ tẹ́ ẹ gbalaja sínú oòrùn fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ooru á pa ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ má ṣe kó o jọ ní òòró.

Ní Kẹ́ńyà, àwọn onímọ̀ icipe, ilé ìwádìí nípa kòkòrò, fi desmodium, ewéko kan tó jẹ́ ẹbí ẹ̀wà, sáàárín àgbàdo, òórùn rẹ̀ ń lé àfòpiná, wọ́n sì fi eèsún yí oko ká. Àfòpiná á lọ yé sára eèsún, oje eèsún á mú àwọn ọmọ mọ́lẹ̀, díẹ̀ ló ń yè. Tí ẹ bá fẹ́ dán an wò, eèsún ni kí ẹ kọ́kọ́ gbìn, kó ti ga kí àgbàdo tó hù.