Ta ló ní "ìfàsẹ́yìn" ni gíà tó ń yọ̀?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ojúgbà, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá wa kan gbé kalẹ̀ lánàá, pé ohunkóhun tó bá ṣe gíà ọ́tò (èyí tó ń yí fúnra rẹ̀) nínú ọkọ̀ àtijọ́, "ìfàsẹ́yìn gíà" ni ká máa pè é, kò ṣeé gbé mì. Ẹ gbé e dé Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ l'Ékòó, kí ẹ wò ó. Ẹ bá sọ fún mẹkáníìkì pé ọkọ̀ yín ní ìfàsẹ́yìn gíà, rìfáàsì, gíà tó ń mú ọkọ̀ rìn sẹ́yìn, ló máa kọ́kọ́ dán wò. "Sẹ́yìn" yẹn ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Àwọn tó sọ rédíò di asọ̀rọ̀mágbèsì wo iṣẹ́ nǹkan kí wọ́n tó fún un lórúkọ. Ọ̀nà mẹ́ta ni gíà ń gbà ṣàìsàn níbí: ó ń yọ̀, ó ń gbá, ó ń pẹ́ wọlé. Orúkọ tèmi fún wọn nìyí: ìyọ̀, gbígbá, pípẹ́ wọlé. Ẹni tó bá dà wọ́n pọ̀ á ra ohun tí kò bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú Camry 1998 oní-sìlíńdà mẹ́rin, tó ń lo gíà A140E. Tó bá ń yọ̀, ẹ́ńjìnnì á máa ké, ọkọ̀ ò ní sáré tó igbe rẹ̀. Ọ́ìlì lẹ ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò: kí ọkọ̀ gbóná dáadáa, kó wà lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí ẹ́ńjìnnì ṣì máa ṣiṣẹ́. Ẹ tẹ bíréékì, ẹ rọra fa ọwọ́ gíà láti P (ibi ìgúnlẹ̀ ọkọ̀) dé L (ibi tó kẹ́yìn), ẹ dá a padà sí P, kí ẹ tó fa géèjì yọ. (Honda ní tirẹ̀, pípa lẹ ó pa á ná.) Bí ọ́ìlì bá wálẹ̀ jù, afẹ́fẹ́ ni pọ́ǹpù ń fà, kílọ́ọ̀ṣì inú gíà, àwọn àwo tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì kọjá, ò sì ní lágbára láti di mú. Bó bá pé ṣùgbọ́n tó dúdú, tó ń rùn bí ohun tó jóná, kílọ́ọ̀ṣì ti jẹ nìyẹn. Ọ́ìlì tuntun ò lè wò ó sàn. Bó bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi tíì oní-mílíìkì, omi rédíétọ̀ ti wọ̀ ọ́.

Gbígbá ńkọ́? Ẹ bọ́ sí D (gíà ìlọsíwájú), ó dún "gbì!" Ọ̀pọ̀ ti ra odidi gíà tòkunbọ̀ nígbà tó jẹ́ síìtì ẹ́ńjìnnì, ìjókòó onírọ́bà tó gbé ẹ́ńjìnnì dúró, ló já. Ẹ tún wo wáyà throttle, èyí tó ń sọ fún gíà bí ẹ ṣe tẹ iná tó. Bó bá le jù, gíà á pẹ́ kó tó yí, á sì gbá. Bó bá dẹ̀, á tètè yí, á máa yọ̀. Tí ẹ bá tẹ ẹsẹ̀ iná délẹ̀, àlàfo tó wà láàárín ẹnu rọ́bà àti kókó orí wáyà kò gbọ́dọ̀ ju mìlímítà 1 lọ. Bí kóòdù àṣìṣe P0750 tàbí P0755 bá jáde lórí ẹ̀rọ àyẹ̀wò, ẹ fi mítà wọn solenoid, ẹ̀rọ kékeré oníná tó ń darí ọ́ìlì inú gíà: ohm 11 sí 15 ló dáa.

Pípẹ́ wọlé: láti N (ibi tí gíà ò wọlé) sí D kò yẹ kó tó ìṣẹ́jú-àáyá 1.2; láti N sí R (rìfáàsì), kò yẹ kó tó 1.5. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, agbára ọ́ìlì ti dínkù, bóyá fílítà ti dí tàbí rọ́bà inú ti gbẹ.

Ẹni tó ní "ìyọ̀" á dà bí iyọ̀ ọbẹ̀, àmì ohùn orí "ì" ńkọ́? Tí ẹ̀rù bá ṣì ń bà yín, ẹ kọ "yíyọ̀". Ẹni tó sì ní "jíà" làwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó ń pè é, kì í ṣe "gíà": mẹkáníìkì wo ló sọ bẹ́ẹ̀, àdúgbò wo?