Fáníìṣì di funfun, yanrìn ń já, bèèsì ká sókè: kí ni kí n ṣe sí ogún ère Kírìjì yìí?

Ọmọ Ṣùúrùlérè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà nínú iṣẹ́ yìí. Ogún ère ogun ló wà nílẹ̀, onímílímítà 28 ní gíga. Ike ni mẹ́rìnlá, resin (oje ike tó ń le koko) tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ni mẹ́fà. Ogun Kírìjì ni mo fẹ́ fi wọ́n jà lórí tábìlì, mẹ́wàá fún Ìbàdàn, mẹ́wàá fún Èkìtìparapọ̀. Mo ti kùn wọ́n tán, àmọ́ nǹkan mẹ́ta ló bàjẹ́.

Mo fọ́n fáníìṣì tí kì í dán sí wọn lórí báńkóónì ní nǹkan bí aago méje àárọ̀, lẹ́yìn òjò òru. Bó ṣe ń gbẹ ló ń funfun, bí ìgbà tí èèyàn bu pọ́ńdà sí wọn lára. Aṣọ ẹlú wọn ti di àwọ̀ eérú.

Yanrìn etí òkun ni mo fi gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà lẹ̀ mọ́ bèèsì, ìyẹn pèpele kékeré tí ère dúró lé. Bí ọwọ́ bá kàn án, á já. Ohun kan tó dà bí iyọ̀ tún ń hù láàárín rẹ̀.

Páálí ni mo gé ṣe bèèsì, mílímítà 25 ní fífẹ̀. Etí gbogbo wọn ti ká sókè.

Ṣé kí n bọ́ ọ̀dà ara wọn kúrò kí n tún bẹ̀rẹ̀ ni? Àwọ̀ ilẹ̀ wo ló sì yẹ apá Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé?

Agbẹ́gilére Yábà

Ẹ má bọ́ ohunkóhun o. Ọ̀dà yín wà lábẹ́ níbẹ̀, kò fara pa. Fáníìṣì tó wà lókè ló ní àrùn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Kẹ́míkà inú agolo fáníìṣì máa ń yára fò lọ, bó sì ṣe ń fò lọ ló ń mú ojú ère tutù. Afẹ́fẹ́ Èkó lẹ́yìn òjò òru kún fún ọ̀rinrin, pàápàá ní kùtùkùtù. Ọ̀rinrin yẹn á sẹ̀ sára ojú tútù náà, bí ara ìgò mínírà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú fíríìjì jáde ṣe ń làágùn. Nígbà tó bá gbẹ, á fi ihò wínníwínní sílẹ̀ nínú fáníìṣì. Àwọn ihò yẹn ló ń tú ìmọ́lẹ̀ ká tí ojú wa fi ń rí funfun. Ohun mìíràn tó lè fà á ni agolo tí a kò mì tó: lẹ́búlẹ́bú tó ń pa dídán máa ń sùn sísàlẹ̀, á wá tú jáde pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì kan omi mímọ́ sí ẹ̀yìn ère kan. Bí funfun náà bá pòórá nígbà tó tutù, tó sì padà wá nígbà tó gbẹ, ó ṣeé wò sàn. Ẹ wá fáníìṣì acrylic tó ń dán, èyí tí wọ́n kọ gloss sí lára, ti inú ìgò, kì í ṣe ti agolo. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún lẹ́ẹ̀kan, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Á wọ inú àwọn ihò yẹn, á dí wọn, àwọ̀ ẹlú á sì padà. Ère náà á máa dán bí àwo tángaran. Ẹ má jẹ́ kó já yín láyà. Ẹ fún un ní wákàtí 24, kí ẹ tó fi fáníìṣì tí kì í dán pa dídán rẹ̀. Bí funfun náà kò bá pòórá nínú omi, lẹ́búlẹ́bú ló dì mọ́ ọn lára. Ẹ dán gloss wò lára ère kan ṣoṣo ná, kí ẹ tó kan àwọn yòókù.

Fáníìṣì tí kì í dán, ti inú ìgò: ẹ fi igi ìtayín ro ìsàlẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Ẹ má mì ín tagbáratagbára, á hó. Ẹ̀kán fáníìṣì mẹ́ta sí ẹ̀kán omi kan. Omi bọ́ọ̀hóòlù tó ń fi àwọ̀ ìpẹtà sílẹ̀ lára bọ́kẹ́ẹ̀tì kò yẹ iṣẹ́ yìí, píọ̀ wọ́tà ni kí ẹ lò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí wá sí ẹsẹ̀, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ fa èyí tó bá dágún sínú ìṣẹ́po aṣọ. Tó bá ti ń gbẹ, ẹ má padà síbẹ̀ mọ́: búrọ́ọ̀ṣì tó padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì ló ń ha ojú rẹ̀ tó fi ń rí bíi kùrukùru. Ẹ kọ fáànù sí ògiri. Ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan tó nípọn kò lè rọ́pò rẹ̀.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ lo agolo, yálà ti fáníìṣì tàbí ti práímà (ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí à ń kọ́kọ́ kùn), aago kan sí mẹ́rin ọ̀sán ni kó jẹ́, lọ́jọ́ tí oòrùn ti ràn láti àárọ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń wọn ọ̀rinrin. Tó bá ti kọjá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ gbé agolo sílẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì gbáko ni kí ẹ fi mì ín, kí ẹ máa kà á láti ìgbà tí bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ ti ń dún. Ẹ jìnnà sí ère ní sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30. Kí fífọ́n bẹ̀rẹ̀ kó tó kan ère, kó sì kọjá ère kó tó dúró, torí ẹnu agolo máa ń pọ ọ̀dà nígbà tó bá ń bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tó bá ń parí.

Nígbà ọyẹ́, ọ̀rọ̀ yí padà. Afẹ́fẹ́ gbẹ, ọ̀dà ń gbẹ lófuurufú kó tó balẹ̀, á wá rí ṣákaṣàka bí sáńpépà. Ẹ súnmọ́ ọn nígbà náà, sẹ̀ǹtímítà 20 tó, ẹ sì fi páálí bo ère kí eruku má bà lé e. Ní tòótọ́, láti oṣù kẹfà sí ìkeje, èmi kò rí ìdí tí èèyàn fi ń bá agolo jìjàkadì nílùú yìí. Práímà oní-búrọ́ọ̀ṣì ń ṣiṣẹ́ náà láìsí ewu. Wákàtí 24 ló fẹ́ kí ara rẹ̀ tó le.

Alábèèsì Mushin

Agbẹ́gilére ti wo ara sàn, ẹ jẹ́ kí n bọ́ sí ẹsẹ̀.

Ohun tó ń hù yẹn, iyọ̀ ni lóòótọ́. Iyọ̀ òkun wà lára yanrìn náà, omi sì wà nínú gọ́ọ̀mù funfun. Omi gọ́ọ̀mù tú iyọ̀ náà, ó gbé e gòkè bó ṣe ń gbẹ, ó fi í sílẹ̀ lójú bèèsì. Ọ̀dà kò lè dá a dúró. Ẹ fọ yanrìn kí ẹ tó lò ó: ife yanrìn méjì nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi mímọ́, ẹ rò ó, ẹ da omi nù, ẹ tún un ṣe tó ẹ̀ẹ̀márùn-ún. Ẹ yan án nínú páànù ògbólógbòó tí ẹ kò fi se oúnjẹ mọ́, títí tí kò fi ní rú èéfín omi mọ́. Nẹ́ẹ̀tì fèrèsé tó ń lé ẹ̀fọn ni kí ẹ fi jọ̀ ọ́. Èyí tó bọ́ sísàlẹ̀ ni ilẹ̀ yín, èyí tó kù sókè ni òkúta wẹ́wẹ́.

Ìdí tó fi ń já: gọ́ọ̀mù kan ìsàlẹ̀ yanrìn nìkan. Ẹ̀ẹ̀mejì la ń lẹ̀ ẹ́. Ti àkọ́kọ́, gọ́ọ̀mù tí a kò là rárá, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àlòkù tẹ́ ẹ, ẹ ri bèèsì sínú yanrìn, ẹ gbọn èyí tó pọ̀jù, kó sùn di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà, gọ́ọ̀mù ìdá kan sí omi ìdá méjì, pẹ̀lú ẹ̀kán ọṣẹ ìfọbọ́ kan ṣoṣo, kí ẹ kán an lé yanrìn lórí títí á fi mu yó. Ọṣẹ yẹn ló ń jẹ́ kí omi gọ́ọ̀mù wọlé. Láìsí i, á kàn ṣù jọ lójú yanrìn bí omi lójú ewé kókò. Ó di ọjọ́ kejì kí ẹ tó kùn ún.

Páálí ká sókè torí pé gọ́ọ̀mù olómi rin ojú kan, ojú kejì gbẹ. Ẹ sọ páálí nù. Àwọn tó ń fi iná léésà gé nǹkan ní Ṣómólú lè gé pásípẹ́ẹ̀sì, ike líle pẹlẹbẹ, onímílímítà 3 fún yín. Kò mu omi, kò sì lè ká. Bí MDF (pákó tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi tẹ̀) ni wọ́n ní, ẹ fi fáníìṣì kun ojú méjèèjì àti etí rẹ̀ kí gọ́ọ̀mù tó kàn án. Wọ́ṣà irin láti Ọ̀wódé Onírin náà dára, ó máa ń fún ère ní ìwúwo, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi práímà bò ó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìpẹtà á là á já.

Láti yọ ère kúrò lára páálí: bó bá jẹ́ súpà gúlù lẹ fi lẹ̀ ẹ́, ẹ gbé e sínú fírísà fún wákàtí kan sí méjì, gúlù á gbẹgẹ́. Ike lè yí kúrò wẹ́rẹ́. Ẹ má yí ti resin o! Ọrùn-ẹsẹ̀ rẹ̀ á kán. Ẹ ti abẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bọ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ lẹ̀ ẹ́ padà, ẹ̀kán súpà gúlù bí orí abẹ́rẹ́ ti tó. Èéfín rẹ̀ nínú ọ̀rinrin máa ń fi funfun mìíràn sílẹ̀, ẹ kò sì tún fẹ́ ìyẹn mọ́.

Birikìlà Àgége

Mo ta ko yanrìn òkun pátápátá, ẹ ì báà fọ̀ ọ́ nígbà mẹ́wàá. Omi òkun ti yí i róbótó, ó sì dọ́gba. Lábẹ́ ère onímílímítà 28, bọ́ọ̀lù ló ń jọ. Ẹ bu ṣáápù sáǹdì ẹ̀kúnwọ́ kan níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, ó ní igun, títóbi rẹ̀ kò sì dọ́gba. Ìdá mẹ́ta kíkúnná, ìdá kan òkúta wẹ́wẹ́. Ẹ fọ òun náà torí amọ̀.

Ẹlẹ́lùú Ìsàlẹ̀ Èkó

Àbúrò, mo fara mọ́ Birikìlà lórí yanrìn. Jẹ́ kí n dáhùn ọ̀rọ̀ àwọ̀ ilẹ̀.

Ilẹ̀ pupa ni, pẹ̀lú àpáta dúdú. Má da ilẹ̀ pupa gidi sínú gọ́ọ̀mù. Amọ̀ inú rẹ̀ á ṣókùnkùn, á sì sán bó ṣe ń gbẹ. Ọ̀dà ni kí o lò. Kọ́kọ́ fi búráùn dúdú kun gbogbo yanrìn. Nígbà tó bá gbẹ, po búráùn pupa ẹ̀kán méjì mọ́ búráùn dúdú ẹ̀kán kan, kùn ún lé e, kí o fi kòtò sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ: mú àwọ̀ tó sún mọ́ osùn, nu búrọ́ọ̀ṣì sórí tíṣù títí kò fi ní fi àmì sílẹ̀ mọ́, kí o wá fi gbá orí yanrìn fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Parí rẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀ iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ ní orí tó yọ jù nìkan. Àpáta: eérú dúdú, kí o fi eérú fífẹ́ẹ́rẹ́ gbá etí rẹ̀, kí o sì fa ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ wálẹ̀ láti orí rẹ̀. Ibi tí omi òjò máa ń gbà ṣàn lára àpáta Èkìtì máa ń dúdú bẹ́ẹ̀, ìlà yẹn nìkan ti tó láti sọ ibi tí a wà.

Koríko gíga: fọ́nrán kànìnkàn ìbílẹ̀, kì í ṣe ti ike. Gé e ní sẹ̀ǹtímítà kan, di mẹ́wàá sí méjìlá pọ̀, ki ìdí rẹ̀ sínú gọ́ọ̀mù lórí ọ̀rá, kó gbẹ, kí o wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ bèèsì. Ìdì kejì tàbí ìkẹta lórí bèèsì kan ti pọ̀jù.

Mú àwọ̀ ilẹ̀ yẹn kan náà, kí o fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ kan àtẹ́lẹsẹ̀ àti etí ṣòkòtò wọn. Ère tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ tónítóní lórí ilẹ̀ pupa dà bí ẹni tí wọ́n gbé kalẹ̀ láti òkè.

Ó ku ohun kan tó ń dùn mí lára ọ̀pọ̀ ère tí mo ń rí: awọ ara. Àwọn kan ń fi funfun sínú búráùn láti mú un mọ́lẹ̀ sí i. Funfun á sọ awọ di eérú, bí ẹni tí kò fi òróró para láàárọ̀ ọyẹ́. Bẹ̀rẹ̀ láti búráùn tó dúdú bíi kọfí tí kò ní mílíìkì, fi àwọ̀ elésè àlùkò tín-ín-rín sí ibi òjìji, kí o sì fi búráùn pupa, lẹ́yìn náà àwọ̀ osùn, mú iwájú orí, imú, èjìká àti ìka ọwọ́ jáde. Bákan náà ni aṣọ ẹlú: búlúù dúdú ìdá méjì, dúdú ìdá kan. Tí o bá fẹ́ fi ìmọ́lẹ̀ sí i, búlúù eléérú ni, kì í ṣe búlúù ojú ọ̀run.

Tún wo ìbọn ọwọ́ wọn. Ogun náà bẹ̀rẹ̀ ní 1877, wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní 1886, 1893 ni àwọn ọmọ ogun tó tú ká. Èkìtìparapọ̀ rí ìbọn tí wọ́n ń ti ẹ̀yìn kì gbà nípasẹ̀ àwọn èèyàn wọn l'Ékòó níbí. Tí gbogbo ogún ère yìí bá mú ṣakabùlà, ìbọn àtijọ́ tí wọ́n ń ti ẹnu kì, ìbẹ̀rẹ̀ ogun ni kí o fi wọ́n ṣe.

Ọmọ Ṣùúrùlérè

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti kan omi sí i: funfun náà pòórá, ó sì padà. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé kí n kọ́kọ́ fi gloss kun ara wọn ni, àbí kí n kọ́kọ́ tún bèèsì ṣe?

Alábèèsì Mushin

Bèèsì ni àkọ́kọ́. Eruku yanrìn máa ń fò mọ́ ara ère. Tó bá bá fáníìṣì tútù, ó ti wọlé nìyẹn. Yọ wọ́n kúrò lára páálí, lẹ̀ wọ́n mọ́ pásípẹ́ẹ̀sì, lẹ yanrìn lẹ́ẹ̀mejì, kùn ún, kan ilẹ̀ sí ẹsẹ̀ wọn. Fi búrọ́ọ̀ṣì ìkunjú tó rọ̀ gbá gbogbo ara wọn. Lẹ́yìn náà ni gloss, wákàtí 24, kí fáníìṣì tí kì í dán tó tẹ̀lé e, tó kan bèèsì náà. Koríko ló kẹ́yìn gbogbo rẹ̀, torí fáníìṣì máa ń dì í pọ̀. Fi mẹ́ta ṣe àkọ́kọ́, kí resin kan wà nínú wọn.