Alẹ́ tí èmi àti àwọn onílù bàtá jọ ṣeré l'Óṣogbo

Ọmọ Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun:

Mo ti ka tàwọn tó sọ̀rọ̀ ṣáájú nípa ohun tó bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ níbi eré, ẹni tí òjò pa láptọ́ọ̀pù ẹ̀ àti ẹni tí wọn ò sanwó ẹ̀ tán títí dòní. Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Tèmi yàtọ̀ díẹ̀, torí pé èmi ni mo ṣẹ èèyàn.

Oṣù Kẹjọ ni, lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ kejì tí Arugbá gbé igbá lọ sódò. Ẹni tó bá mọ Òṣogbo mọ bí ìlú ṣe máa ń rí lásìkò yẹn. Hòtẹ́ẹ̀lì ò gbèrò mọ́, owó ọ̀kadà á ti gbẹ́nu sókè, àlejò láti ìlú òkèèrè á máa ra àdìrẹ kiri. Àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́rin ló ní àwọn náà á fi àsìkò họ́lidé yẹn ṣe àjọ̀dún orin ẹ̀rọ ọlọ́jọ́ kan. Kò sí báńkì lẹ́yìn wọn, kò sí ilé iṣẹ́ ọtí, ìjọba ò sì mọ̀ sí i. Owó àpò wọn ni. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ ta ọ̀kadà ẹ̀ kí wọ́n tó rí owó jẹnẹrétọ̀ àti dísù san. Wọ́n háyà pápá ilé ìwé kan nítòsí ọ̀nà Gbọ̀ngán, wọ́n ta kánópì mẹ́fà, wọ́n to sípíkà. Àwa DJ méje la fẹ́ ṣeré: mẹ́ta láti Èkó, ọ̀kan láti Ìbàdàn, arábìnrin kan láti Jámánì tó wá wo ọdún Ọ̀ṣun, èmi àti ọmọ àdúgbò mi kan.

Kí n tó lọ síwájú, ó máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń pe orin yìí lórin òyìnbó. Àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú ló dá orin tí wọ́n ń pè ní house sílẹ̀ ní Chicago. Ilé ijó kan tó ń jẹ́ Warehouse, tó ṣílẹ̀kùn ní 1977, níbi tí Frankie Knuckles ti ń ṣe DJ, lọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé orúkọ house ti wá. Àwọn ọmọ dúdú mẹ́ta náà, Juan Atkins, Derrick May àti Kevin Saunderson, ló fi orin techno lélẹ̀ ní agbègbè Detroit. Amapiano ńkọ́? South Africa ni. Log drum, ohùn ìlù tó rinlẹ̀ tá a fi ń mọ̀ ọ́n, inú FL Studio, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe orin, ló wà, nínú irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ DX10. Ohun tí èmi gan-an ń lò nìyẹn láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe bíìtì nínú yàrá mi. Ìlù tí ọwọ́ èèyàn kankan ò lù ni mo fi kọ́ iṣẹ́. Mi ò gbé ìlù gidi kọ́rùn rí láyé mi.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi ló dábàá pé kí èmi àtàwọn onílù bàtá jọ ṣeré fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Onílù mẹ́rin ni wọ́n: Bàbá ló wà nídìí ìyáàlù, àwọn ọmọ wọn méjì ń lu omele abo àti omele akọ, ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn ló ń lu kúdi. A dánra wò lẹ́ẹ̀mejì ní àgbàlá Bàbá. Sípíkà kékeré kan ṣoṣo ni mo gbé síwájú wọn. Ó dùn débi pé àwọn ọmọdé àdúgbò kún ẹnu ọ̀nà, ìyàwó Bàbá sì jáde láti ìdí ààrò wá jó.

Lọ́jọ́ eré, wọ́n kọ́ pèpéle fún àwọn onílù ní òdìkejì pápá lọ́hùn-ún, kí èrò lè rí wọn yí ká. Èmi wà níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà ńlá. Wọ́n fa wáyà máíkì láti ọ̀dọ̀ wọn wá sínú míkísà mi. Ó rẹwà lójú púpọ̀.

Aago 8 lù, mo gbé house mi sí 120, ìyẹn ni pé kíìkì, ìlù ńlá tó ń dún gbì-gbì nídìí orin, ń dún nígbà 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Bàtá wọlé. Ó dùn fún ìṣẹ́jú bíi méjì. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ pé ìyáàlù ń já sẹ́yìn kíìkì, bí ẹni tó fẹ́ bá èèyàn rìn tí sálúbàtà ń bọ́ lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Mo ní kí n dúró dè wọ́n. Mo fa pitch, ohun tá a fi ń mú orin yára tàbí falẹ̀, sísàlẹ̀ díẹ̀. Àwọn náà tún fà sẹ́yìn. Mo tún fà á. Ìgbà tí mo máa wo ojú ẹ̀rọ, a ti bọ́ láti 120 sí 114. Orin tó yẹ kó gbé ẹsẹ̀ èèyàn nílẹ̀ ti di ohun tó ń wọ́ nílẹ̀.

Ẹni tó ń darí ètò gbé máíkì, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa tẹ̀lé DJ o!" Ọmọkùnrin kan níwájú pariwo pé kí wọ́n jẹ́ káwọn arúgbó lọ sùn. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi sáré wá bá mi létí: "Pa máíkì wọn."

Mo pa á. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi fa máíkì mẹ́rin wálẹ̀ lórí míkísà, lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń wo Bàbá lọ́ọ̀ọ́kán bí wọ́n ṣe ń lù ú lọ, tí òógùn ń dà lójú wọn, tí wọn ò mọ̀ pé ohùn wọn ò jáde mọ́. Ìyẹn lohun tó ń jí mi lóru títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Mo ti jẹun lágbàlá wọn.

Wọ́n padà mọ̀. Wọ́n gbé ìyáàlù kọ́rùn, wọ́n la àárín èrò kọjá wá bá mi. Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú. Wọn ò bú mi. Wọ́n dúró lápá òsì mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́nítọ̀, ìyẹn sípíkà tó kọjú sí eléré, wọ́n tẹ́tí bí ìyá tó ń fetí sí bí ọmọ ṣe ń mí lóru, wọ́n gbé bílálà, awọ tí wọ́n fi ń na bàtá, wọ́n na ṣáṣá, ojú kékeré ìlù náà. Pá. Orí kíìkì gan-an ló balẹ̀ sí. Pá. Pá. Kò yẹ̀ rárá.

Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣó o ti wo ẹni tó ń la igi lókèèrè rí?"

Mo ní, "Mo ti wò ó rí, Bàbá."

"Àáké á ti balẹ̀ kó o tó gbọ́ ọ. Ibi tẹ́ ẹ gbé wa sí lọ́hùn-ún, àáké rẹ ti balẹ̀ kó tó kàn wá. Èyí tó kàn wá là ń lù."

Ara mi bù máṣọ. Mo mọ̀ ọ́n níwèé, mi ò kàn rò ó kan onílù ni. Ohùn máa ń rin nǹkan bíi mítà 340 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nǹkan bíi mítà 30 ló wà láàárín sípíkà ńlá àti pèpéle wọn, ìyẹn ni pé kíìkì mi ń pẹ́ tó 0.09 ìṣẹ́jú àáyá kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó lè dà bíi pé kò tó nǹkan. Àmọ́ ní 120, ìdajì ìṣẹ́jú àáyá péré ló wà láàárín kíìkì kan sí èkejì. 0.09 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kó ìdá kan nínú márùn-ún ẹ̀ lọ. Wáyà máíkì wá ń gbé ìlù wọn padà sínú sípíkà ńlá lójú ẹsẹ̀, gbogbo pápá sì ń gbọ́ ọ pé àwọn bàbá ò mọ ìlù í lù mọ́. Bí èmi ṣe wá ń dúró dè wọ́n, àwọn náà ń gbọ́ pé mo ń falẹ̀, wọ́n ń bá mi falẹ̀. Èmi ń dè wọ́n, àwọn ń dè mí. Bá a ṣe dé 114 nìyẹn.

A ní kí gbogbo wọn máa bọ̀ níwájú. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin gbé ìdúró máíkì sá wá, mo yí mọ́nítọ̀ kan kọjú sí àwọn onílù, mo ṣí máíkì wọn padà. Mo sì pa sync. Sync mọ bí ẹ̀rọ méjì ṣe ń bára wọn lọ, kò mọ Bàbá. Èyí tó kù, ọwọ́ ni mo fi ṣe é: ọ̀tún lórí pitch, òsì létí àwo ẹ̀rọ, mo ń ti orin síwájú díẹ̀díẹ̀ bí ìyáàlù bá ti ń gbóná. Ojú mi wà lára bílálà. Ìgbà tí Bàbá ti eré dé 126, mo rántí pé ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún ni mo fi àyè pitch sí, tí ò lè gbé mi kọjá 127. Mo yára yí i sí mẹ́wàá. Bàbá rí mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tún ti eré sí i.

Ọmọkùnrin tó ní káwọn arúgbó lọ sùn yẹn, mo rí i tó ń na owó mọ́ Bàbá lórí.

Arábìnrin tó wá láti Jámánì sọ fún mi lẹ́yìn ìgbà náà pé òun ò gbọ́ irú ẹ̀ rí ní Berlin. Mo sọ fún un pé bàtá ti ti Òṣogbo dé Berlin rí. Dúró Ládípọ̀, tí òun àti Ulli Beier dá ilé iṣẹ́ ọnà Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ níbí ní 1962, ló gbé eré Ọba Kò So lọ síbẹ̀ ní 1964 pẹ̀lú ẹgbẹ́ ẹ̀. Lọ́dún yẹn, kò tíì sóhun tó ń jẹ́ techno láyé.

Abẹ̀kẹ́ Ìbàdàn:

Èmi ni DJ tó ti Ìbàdàn wá lọ́jọ́ náà, ojú mi báyìí ló ṣe. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ jẹ́wọ́, torí pé èmi náà wà lára àwọn tó ń rò ó lọ́kàn pé ọjọ́ orí ló dé sáwọn bàbá yẹn. Ẹ bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn.

Tèmi ò pọ̀. Mo gbé fláàṣì mi ki CDJ, ẹ̀rọ tí DJ fi ń gbé orin jáde, bọnu, kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Orin tí mo fi oṣù kan tò wà nínú ẹ̀ pé pérépéré. Ẹni tó bá mi kó o fi NTFS, ọ̀kan nínú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà to inú fláàṣì, tò ó, CDJ ò sì ń ka NTFS. Ẹ tò ó sí FAT32, ọ̀nà mìíràn tí CDJ lè kà, kẹ́ ẹ sì ní méjì lọ́wọ́. Arábìnrin ará Jámánì yẹn ló yá mi ní fláàṣì àti láptọ́ọ̀pù ẹ̀, tá a jókòó sórí bẹ́ǹṣì olóúnjẹ tá à ń da orin kọ. Ìdí àmàlà ni mo wà tí mo fi gbọ́ nígbà tí bàtá ń já sẹ́yìn, tí mo tún fi gbọ́ nígbà tó padà bọ̀ sípò. Mo fi àmàlà sílẹ̀.

Ọmọ Àyàn:

Ẹ ṣeun, àmọ́ inú bí mi bí mo ṣe ń kà á. Inú ilé onílù ni wọ́n bí mi sí. Láti kékeré la ti mọ̀ pé onílù ò gbọdọ̀ jìnnà síra wọn. Kò sẹ́ni tó ń gbé omele sí òpin àgbàlá kan kó gbé ìyáàlù sí òpin kejì. Tẹ́ ẹ bá bi Bàbá kẹ́ ẹ tó kan pèpéle yẹn, wọn ì bá ti sọ fún yín. Wọ́n pè wọ́n wá lu ìlù, wọn ò pè wọ́n síbi ètò. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe fún wa níbi gbogbo.

Ọmọ Òkè-Fìà:

Ẹ̀gbọ́n, ọdún tó ń bọ̀ èmi náà fẹ́ ṣe irú ẹ̀, dùndún sì ni. Ṣé kò sọ́nà tí wọ́n fi lè dúró láàárín èrò ni? Àbí kí n fún wọn ní ìgbọ́hùn Bluetooth?

Ọmọ Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun:

Ọmọ Àyàn, òótọ́ lẹ sọ, mi ò jiyàn.

Àbúrò mi Òkè-Fìà, má lo Bluetooth rárá. Ó máa ń pẹ́, ó sì lè pẹ́ ju mítà 30 yẹn lọ. Fa wáyà láti míkísà rẹ lọ sí sípíkà kékeré kan lẹ́sẹ̀ àwọn onílù, torí pé ohun tó gba inú wáyà kọjá kì í pẹ́ tó ohun tí etí lè mọ̀. Tó o bá tún gbé sípíkà mìíràn sẹ́yìn fún èrò, dá ohùn tiẹ̀ dúró fún nǹkan bíi ìdá mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá fún mítà kọ̀ọ̀kan tó fi jìnnà sí sípíkà iwájú, kí ohùn méjèèjì lè jọ dé etí wọn. Àmọ́ kó o tó ṣe gbogbo ìyẹn, lọ sílé àwọn onílù dùndún yẹn, kó o mú sípíkà kékeré dání, kó o máa gbé e jìnnà díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sọ ibi tó ti bàjẹ́ fún ọ. Wọ́n á gbọ́ ọ kó o tó gbọ́ ọ.

Abẹ̀kẹ́, mo ti jíṣẹ́ yín. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀lé e. Wọ́n ní àwọn ti gbàgbé, pé kí n wá máa kọ́ omele ní ọjọọjọ́ Àìkú. Mo ti lọ lẹ́ẹ̀mọ́kànlá báyìí. Ọwọ́ òsì mi ló ṣì ń já sẹ́yìn.